Lẹ́yìn Ferguson, Lẹ́yìn Klopp: Ohun Tí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tuntun Ń Bá Nílé

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025, ayọ̀ méjì ló wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pa pọ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars na Niger Tornadoes ní àmì ayò kan sí òdo, wọ́n sì gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ní pápá Anfield, Liverpool na Tottenham ní márùn-ún sí ẹyọ kan, wọ́n gba ife Premier League, iye ife líìgì tí wọ́n ti gbà sì di 20, wọ́n bá Manchester United dọ́gba. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo máa ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn tó wọ aṣọ pupa Liverpool kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tó sì ti Ìkẹ́nnẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ náà tún fi ariwo tiwọn kún un.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ti ń ṣe olólùfẹ́ Manchester United láti ìgbà tí a ti ń fi rédíò gbọ́ bọ́ọ̀lù. Kò bínú sí ayọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ó ní Arne Slot kò tíì lo ọdún kan pé lórí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool tí Jürgen Klopp dìde kúrò, ó sì ti gba ife. David Moyes jókòó sórí àga Alex Ferguson ní Manchester United fún oṣù mẹ́wàá, wọ́n sì lé e. Kí ló mú ìyàtọ̀ wá? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, bàbá, Slot mọ iṣẹ́ ni, Moyes kò mọ̀ ọ́n.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mi orí sí ìdáhùn yẹn. Èmi kò gbà á, n kò sì rò pé ìtàn bọ́ọ̀lù gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnìkan fi yege níbi tí ẹlòmíràn ti kọsẹ̀, ilé tí ẹni tó lọ fi sílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀, kó wo òrùlé rẹ̀ bóyá ó ti gbó, kó ka àwọn tó kù nínú rẹ̀, kó sì wo ibi tí onílé àtijọ́ gbé ìjókòó rẹ̀ sí.

Klopp dé Liverpool ní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gba Champions League ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n na Tottenham 2-0 ní Madrid. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gba Premier League ní ọdún 2020 pẹ̀lú àmì 99, lẹ́yìn ọdún 30 tí wọ́n ti ń retí ife líìgì. Ó fi FA Cup àti League Cup kún un ní ọdún 2022, ó sì tún gba League Cup mìíràn ní ọdún 2024 kó tó lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife nìkan ló mú kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń dì mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bí bàbá ṣe ń dì mọ́ ọmọ, ó máa ń na ẹ̀ṣẹ́ sókè níwájú àwọn èrò lẹ́yìn ìdíje, àwọn náà á sì máa hó. Ó ṣòro láti gba ipò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé àga ni wọ́n ń gbé fún ẹni tuntun, wọn kì í gbé ìfẹ́ fún un.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2024, Klopp kéde pé òun yóò lọ ní òpin sáà, ó ní okun òun ti ń tán. Mo ka ìkéde yẹn mọ́ àwọn ohun tó dára jù lọ tó ṣe fún Liverpool, nítorí pé ó fún ẹgbẹ́ náà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin láti múra sílẹ̀. Wọ́n pe Michael Edwards padà ní oṣù kẹta, ẹni tó mọ bí a ṣe ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Klopp, wọ́n sì fi Richard Hughes sí ipò ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù. Àwọn wọ̀nyí ló wá lọ sí ilẹ̀ Netherlands láti mú Slot, ẹni tó ti fi Feyenoord gba ife líìgì ibẹ̀ ní ọdún 2023, tí bọ́ọ̀lù tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sì jọ ti Klopp dé ìwọ̀n tí àwọn tó bá nílé kò fi ní í máa wò ó bí àjèjì. Ipò tí wọ́n fún un yàtọ̀ pẹ̀lú. Láyé àtijọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni olórí ohun gbogbo: òun ló ń sọ ẹni tí wọn yóò rà, ẹni tí wọn yóò tà, àti ohun tí àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ yóò máa kọ́. Slot kò gba gbogbo ìyẹn. Wọ́n gbà á láti kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àgbà, àwọn ẹlòmíràn sì wà tí wọ́n gbé ìyókù ẹrù náà.

Lọ́jọ́ tí Klopp gbá ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn ní Anfield, ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì kọrin orúkọ Slot fún àwọn èrò kí Slot fúnra rẹ̀ tó dé ìlú náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife, Slot náà mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì kọrin orúkọ Klopp padà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rò pé orin lásán ni. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe fún ara wọn níwájú àwọn tó lè fi ọ̀kan bú èkejì.

Òrùlé ilé náà kò sì gbó. Ní ọdún 2023, ọdún kan kí Klopp tó lọ, ó ti ra agbábọ́ọ̀lù àárín mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: Alexis Mac Allister, Dominik Szoboszlai, Wataru Endo àti Ryan Gravenberch. Virgil van Dijk, Alisson àti Mohamed Salah ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Slot lò, Federico Chiesa nìkan ni wọ́n rà fún un láti lò ní sáà yẹn. Ó gbé Gravenberch sí iwájú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ó dín sísáré tí wọ́n máa ń sáré láìsinmi kù, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa pẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Salah gba góòlù 29 sáwọ̀n, ó sì fi 18 mìíràn lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú líìgì. Wọ́n gba ife nígbà tó ku ìdíje mẹ́rin kí sáà parí. Iṣẹ́ Slot dára púpọ̀, n kò bu ẹyọ kan kúrò nínú iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná lórí iná ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò yọ́ ọ dànù láti fi hàn pé òun náà mọ ọbẹ̀ sè.

Old Trafford, pápá Manchester United, ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ferguson gba iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1986. Nígbà tó fi máa lọ ní ọdún 2013, ó ti gba ife líìgì 13, Champions League méjì, àti ife 38 lápapọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó dé ti di ọmọ ọdún 26 kó tó kúrò, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti bí ọmọ tirẹ̀, kí bàbá àti ọmọ má sì mọ ọ̀gá mìíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ló kéde pé òun ń lọ. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n dárúkọ Moyes tó ti lo ọdún 11 ní Everton, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà. Ferguson fúnra rẹ̀ ló yàn án. Nígbà tó ń dágbére fún àwọn èrò ní Old Trafford, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró ti ẹni tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dúró ti òun nígbà tí nǹkan le.

Ẹni tó bá wo ilé náà láti òde á ní ó dúró ṣinṣin, nítorí pé àmì 11 ni United fi ṣíwájú ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì ní sáà 2012–13. Inú ni kí a wọ̀. Ryan Giggs ti ń súnmọ́ 40. Rio Ferdinand ti pé 34, Nemanja Vidić àti Patrice Evra ti kọjá 30, Paul Scholes sì fẹ̀yìn tì ní sáà kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Robin van Persie, tó gba góòlù 26 sáwọ̀n tí wọ́n fi gba ife náà, pé ọmọ ọdún 30 kí sáà Moyes tó bẹ̀rẹ̀. Ferguson mọ bí a ṣe ń fi ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ mú kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wúwo tún sáré fún ọdún kan sí i. Ẹni tuntun kò ní ohun tí yóò fi ṣe ìyẹn, nítorí pé ọdún 26 ló gba Ferguson láti kó o jọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó kù nílé. David Gill, ọ̀gá àgbà tó ti ń bá Ferguson ra agbábọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ipò sílẹ̀ ní àkókò kan náà, Ed Woodward sì gba iṣẹ́ náà láìtíì ṣe irú rẹ̀ rí. Gbogbo àkókò rírà agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 2013 kọjá lọ lórí àwọn tí wọ́n ń lé tọwọ́ wọn kò tẹ̀. Ọjọ́ tó parí gan-an ni wọ́n tó ra Marouane Fellaini láti Everton ní mílíọ̀nù 27 àti ààbọ̀ owó pọ́n-ùn. Moyes náà sì ṣe àṣìṣe kan tí n kò lè bá a gbèjà rẹ̀. Ó jẹ́ kí Mike Phelan, René Meulensteen àti Eric Steele, àwọn igbákejì tó mọ gbogbo igun ilé náà, máa lọ, ó sì kó àwọn tirẹ̀ wá láti Everton. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé tí kò mọ ibi tí kànga wà, tó sì lé ọmọ tó lè fi hàn án jáde, òùngbẹ á gbẹ ẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ United kọ́kọ́ ṣe ohun tí Ferguson bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé àsíá ńlá kan kọ́ sí Stretford End, apá kan nínú pápá wọn, tó ní Moyes ni ẹni tí a yàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan fa àsíá mìíràn kọjá lókè pápá náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹni tí kò yẹ ni wọ́n yàn, kí Moyes máa lọ. Everton, ẹgbẹ́ tó ti wá, na United 2-0 ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gba ife ní ọdún tó ṣáájú ṣe ipò keje, wọn kò sì rí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù kankan gbá ní sáà tó tẹ̀ lé e. Louis van Gaal dé, José Mourinho dé, Ole Gunnar Solskjær, Erik ten Hag àti Ruben Amorim dé. Àwọn kan nínú wọn gba ife lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gba ife líìgì. Bí ó bá jẹ́ pé Moyes nìkan ni ìṣòro náà, ó yẹ kí ó ti bá a lọ. Moyes fúnra rẹ̀ lọ sí West Ham, ó sì gba ife Conference League fún wọn ní ọdún 2023, ife ńlá tí ẹgbẹ́ náà kò rí irú rẹ̀ gbà láti ọdún 1980. Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọkùnrin náà kò mọ iṣẹ́.

Ohun kan ṣì kù nípa Old Trafford tí mo rò pé ó wúwo ju bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Láti ọdún 2011 ni apá kan pápá náà ti ń jẹ́ orúkọ Ferguson, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ dúró síta ní ọdún 2012. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ẹgbẹ́, ó sì ń jókòó sí ibi tí àwọn olùdarí máa ń jókòó láti wo gbogbo ìdíje. Nígbàkígbà tí góòlù bá wọlé sáwọ̀n United, kámẹ́rà á yí sí i, gbogbo ayé á sì máa ka ojú rẹ̀. N kò gbọ́ pé ó ṣe ohun tó burú sí Moyes. Jíjókòó tó jókòó síbẹ̀ nìkan ti tó.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò ní ibòmíràn tó fẹ́ lọ, nítorí náà ó ń wá lóròòwúrọ̀ láti jókòó sábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oníbàárà tó bá wa ọkọ̀ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ: “Bàbá, ẹ bá wa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń dún.” Ọmọ iṣẹ́ náà mọ iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ, síbẹ̀ ó lo ọdún méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ọ̀gá.

Àwọn baba wa mọ ewu yìí, ìdí sì nìyẹn tí ọba kì í fi í fi adé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kó tún jókòó sí ààfin máa wò ó. Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé ní 60 ọdún ni kò mọ Awùjalẹ̀ mìíràn rí láyé wọn. N kò fi ìtẹ́ wé àga akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti gbé lábẹ́ ẹnìkan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ bí ìwà ẹnìkan ṣe máa ń di àṣà, tí àṣà náà á sì wá di òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣe nǹkan lọ́nà mìíràn, bó tilẹ̀ dára, á dà bí ẹni tó ṣẹ̀.

Ní United kan náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Matt Busby tún ẹgbẹ́ náà kọ́ láti inú ọ̀fọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú tó pa agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ ní Munich ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1958, ó sì fi wọ́n gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1968. Ní ọdún 1969 ó fi iṣẹ́ náà lé Wilf McGuinness lọ́wọ́, ọmọ ọdún 31, ẹni tó ti bá díẹ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù àgbà náà gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́. Busby kò kúrò nílé; ó di alábòójútó àgbà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1970 wọ́n mú McGuinness kúrò, Busby sì padà sórí àga. Ní ọdún 1974, United já bọ́ sí ìpele kejì.

Ọdún 1974 yẹn gan-an ni Bill Shankly fi Liverpool sílẹ̀ lójijì, tí wọ́n sì rọ Bob Paisley, igbákejì rẹ̀ tí kò fẹ́ ipò náà, láti gbà á. Shankly náà kò mọ ibi tí yóò lọ. Ó ń wá sí Melwood, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ń pè é ní ọ̀gá lójú Paisley. Ó di dandan kí wọ́n sọ fún un pé kó dín in kù, ó sì dùn ún títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà tó o. Síbẹ̀, ìpinnu yẹn fún Paisley láàyè láti mí. Kò gba ife ńlá kankan ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa lọ ní ọdún 1983, ó ti gba ife líìgì mẹ́fà àti ife ilẹ̀ Yúróòpù mẹ́ta. McGuinness àti Paisley, inú ilé ni àwọn méjèèjì ti wá, nítorí náà kì í ṣe jíjẹ́ ọmọ ilé tàbí àjèjì ló ń pinnu rẹ̀. Ti Paisley ni pé láti ọdún 1939 ló ti wà ní Liverpool, gbogbo àwọn tó ń bá Shankly ṣiṣẹ́ nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bàtà bọ́ọ̀lù sí ló dúró tì í, ẹni àná sì gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò, bí kò tilẹ̀ wù ú.

Àwọn olólùfẹ́ Arsenal, tí wọ́n pọ̀ jọjọ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà Kanu Nwankwo, yóò béèrè pé kí ni mo fẹ́ wí nípa Unai Emery, ẹni tó gba àga Arsène Wenger. Arsène Wenger kò jókòó sórí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti lọ ní ọdún 2018 lẹ́yìn ọdún 22, ó di oṣù kejìlá ọdún 2022 kó tó padà wá wo ìdíje ní pápá wọn. Síbẹ̀ Emery kò lo ju oṣù 18 lọ. Àwọn tó kù nílé ni ìdáhùn mi. Ivan Gazidis, ọ̀gá àgbà tó gba Emery síṣẹ́, kó lọ sí AC Milan ní ọdún 2018 kan náà, Sven Mislintat tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún wọn lọ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Aaron Ramsey sì bá Juventus lọ láìsan kọ́bọ̀ fún Arsenal. Mikel Arteta tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ipò kẹjọ nígbà méjì léra wọn, wọn kò sì lé e. Ó jọ pé ẹni kejì lẹ́yìn ẹni ńlá ni wọ́n máa ń ní sùúrù fún, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ ti bá a jẹ ìyà náà.

Mo fẹ́ padà sí Liverpool, nítorí pé ìgbà tí ariwo ife lọ sílẹ̀ ni ìdánwò Slot ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, Trent Alexander-Arnold lọ sí Real Madrid, wọ́n ta Luis Díaz àti Darwin Núñez, wọ́n sì ná owó tí ẹgbẹ́ náà kò ná irú rẹ̀ rí lórí Florian Wirtz, Hugo Ekitike, Milos Kerkez, Jeremie Frimpong àti Alexander Isak, ẹni tí wọ́n san mílíọ̀nù 125 pọ́n-ùn lé lórí. Ohun tó ju gbogbo èyí lọ ni pé Diogo Jota, ẹlẹgbẹ́ wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù keje. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n kọ́ bí yóò ṣe tu àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ wọn nínú, kó sì tún máa kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kọkànlá, Nottingham Forest wá na wọ́n 3-0 nílé wọn, PSV ti ilẹ̀ Netherlands sì wá na wọ́n 4-1 níbẹ̀ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ tí Forest nà wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó ní oṣù kẹrin ni wọ́n ń sọ pé kí Slot máa lọ. Bàbá olólùfẹ́ United náà wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣe sùúrù. Àwa lé tiwa, ẹ sì rí ibi tó gbé wa dé.” Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Klopp ni Slot ń darí. Sáà kejì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tirẹ̀, ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí òrùlé rẹ̀ sì ni òjò máa ń bá.

Manchester City ni ẹgbẹ́ mìíràn tí mo ń wò pẹ̀lú ìbéèrè bàbá náà lọ́kàn. Láti ọdún 2016 tí Pep Guardiola dé ibẹ̀ títí di ọdún 2025, ó gba ife líìgì mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn léra wọn láti ọdún 2021 dé 2024, ó sì gba ife ńlá mẹ́ta ní sáà kan ṣoṣo ní ọdún 2023. Àdéhùn tó fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ka ọdún 2027 mọ́ ọn. Ohun tí City ṣe ní ọdún 2025 ni ohun tí United kò ṣe ní ọdún 2013: wọ́n jẹ́ kí Kevin De Bruyne, Kyle Walker, İlkay Gündoğan àti Ederson máa lọ nígbà tí Guardiola ṣì wà lórí àga, wọ́n sì ra àwọn ọ̀dọ́ rọ́pò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Txiki Begiristain tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rírà agbábọ́ọ̀lù fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde Hugo Viana ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kí iṣẹ́ má baà já lójijì. Guardiola fúnra rẹ̀ ló jìyà àtúnṣe náà, pẹ̀lú gbogbo iyì tó ní láti fi rù ú. Mo rò pé ìyẹn ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tó lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà yóò dé Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú. Ipò kejì ni Remo Stars ṣe ní sáà 2022–23, ipò kejì ni wọ́n tún ṣe ní sáà 2023–24, kí ife tó wá dé nígbà tí Daniel Ogunmodede wà lórí àga. Nínú líìgì wa tí wọ́n ti máa ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta tó bá burú, sùúrù tí ẹgbẹ́ náà ní kì í ṣe ohun kékeré. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ife náà wá sí ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ní parẹ́, nígbàkígbà tí ẹlòmíràn bá sì gba ipò náà, àwa tí a ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́nnẹ́ yóò máa fi wé e láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí Beyond Limits, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí Kunle Soname tó ni ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀, bá ṣì ń gbé àwọn ọmọ jáde wá, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ inú ilé náà kò sì kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá wá fẹ́ fi àga ọlá dá ẹni àkọ́kọ́ náà lọ́lá, èmi yóò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá.